Orin tuntun fún ọ́kẹ́sírà àwọn ọ̀dọ́: ta ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ náà fún?

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì, ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn Grammy fún àwọn olórin ní ìlú Los Angeles, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ̀bùn tí wọ́n máa ń fún ọ́kẹ́sírà tí ó bá ṣe dáadáa jù lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń lọ sílé ẹ̀kọ́ girama. New York Youth Symphony ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Láti ọmọ ọdún 12 títí dé ọ̀dọ́ tí ó jẹ́ ọdún 22 ni wọ́n ń gbà síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Berlin Philharmonic àti Los Angeles Philharmonic, àwọn àgbà ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀, wà nínú àwọn tí wọ́n jọ du ipò náà. Kò tíì sí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kankan tí ó gba ẹ̀bùn yìí ṣáájú wọn.

Ṣùgbọ́n orin tí àwọn ọmọ náà kọ sínú àwo wọn gan-an ni ó yẹ kí ènìyàn fi ara balẹ̀ wò. Orin Beethoven kò sí níbẹ̀, ti Mozart kò sí níbẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́ta ni wọ́n ni gbogbo iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Èkíní ni Florence Price, tí wọ́n bí ní ìlú Little Rock lọ́dún 1887, tí ó sì papò dà lọ́dún 1953. Èkejì ni Valerie Coleman, ọmọ ìlú Louisville, tí wọ́n bí lọ́dún 1970. Orin rẹ̀ tí wọ́n lù ni Umoja, ọ̀rọ̀ Swahili tí ó túmọ̀ sí ìṣọ̀kan. Ẹ̀kẹta ni Jessie Montgomery, ọmọ New York, tí wọ́n bí lọ́dún 1981. Michael Repper ni ó darí wọn, Michelle Cann ni ó sì tẹ píánò. Ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn Carnegie tí wọ́n fẹ́ ti ṣeré mọ́ wọn. Nígbà tí kò sí ibi tí wọ́n lè ti ṣe é lójú àwọn ènìyàn, wọ́n pín ara wọn sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, wọ́n jìnnà síra wọn, wọ́n sì gba ohùn orin náà sílẹ̀.

Ìtàn Florence Price yẹ ní sísọ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 1933, ẹgbẹ́ Chicago Symphony lu símfónì rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí ó sọ ọ́ di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ńlá kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà yóò lu irú orin bẹ́ẹ̀ fún. Lẹ́yìn náà ni ariwo rẹ̀ rọlẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2009, àwọn tí wọ́n ra ilé àtijọ́ kan tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ahoro ní abúlé St. Anne, ní ìpínlẹ̀ Illinois, bá òkìtì ìwé níbẹ̀. Ìwé orin rẹ̀ ni. Ilé tí ó máa ń lò nígbà ẹ̀rùn ni ilé náà, àwọn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ láìsí ẹni tí ó béèrè wọn.

Ẹni tí ó béèrè orin, òun gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹni tí ó ń kọ orin fún ọ́kẹ́sírà kò dà bí olórin tí ó lè gbé gìtá rẹ̀ kọ́ èjìká kí ó máa lọ sóde ìnáwó. Orin rẹ̀ wà lórí ìwé. Bí àádọ́rin tàbí ọgọ́rùn-ún ènìyàn kò bá jókòó kí wọ́n lù ú, ìwé lásán ni. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́, ìjọ, ọba àti ilé ẹ̀kọ́ ti máa ń gbé iṣẹ́ orin fún aṣẹ̀dá orin: wọ́n á sọ irú ẹgbẹ́ tí yóò lù ú, bí yóò ti gùn tó, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ẹ àti owó tí wọn yóò san. Ó fara jọ aṣọ tí ènìyàn fún aránṣọ rán. Aránṣọ ni ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ara ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ni yóò fi okùn wọ̀n.

Fún ọ́kẹ́sírà àwọn ọmọdé, wíwọ̀n yìí ni ó le jù. Gustav Holst, tí ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ St Paul's ní London ní orin láti ọdún 1905 títí tí ó fi kú lọ́dún 1934, mọ èyí dunjú. Orin St Paul's Suite tí ó kọ fún wọn jẹ́ ti ohun èlò olókùn, ṣùgbọ́n ó tún fi abala àwọn fèrè kún un kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ta gòjé òyìnbó má baà jókòó káwọ́ gbera. Ní New York, lọ́dún 1938, Alexander Richter, tí ó jẹ́ olórí ẹ̀ka orin ní ilé ẹ̀kọ́ High School of Music and Art, lọ bá Aaron Copland pé kí ó kọ nǹkan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun. Copland fi iṣẹ́ ńlá tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ An Outdoor Overture fún wọn. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ṣì ń lu orin náà títí dòní, èyí tí ó fi hàn pé kò pọn dandan kí orin tí wọ́n kọ fún ọmọdé jẹ́ orin ọmọdé.

Ní ọdún 1959, àjọ Ford Foundation gbé ètò kan kalẹ̀ tí ó ju ti ẹnìkan ṣoṣo lọ. Èrò Norman Dello Joio, tí òun náà ń kọ orin, ni wọ́n tẹ̀lé: wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ aṣẹ̀dá orin, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba káàkiri Amẹ́ríkà láti máa kọ orin fún akọrin, ẹgbẹ́ fèrè àti ọ́kẹ́sírà ibẹ̀. Philip Glass, tí orúkọ rẹ̀ kún ayé lónìí, wà ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ Pittsburgh lábẹ́ ètò náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Emma Lou Diemer, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin díẹ̀ tí wọ́n mú, lọ sí Arlington ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ohun tí ó dára nínú ètò yẹn ni pé aṣẹ̀dá orin ń gbé láàárín àwọn ọmọ. Bí ó bá kọ ohun tí ọwọ́ wọn kò ká, yóò gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wo àwọn orúkọ tí wọ́n wà nínú irú ètò báwọ̀nyí láyé ìgbà náà, ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Kì í ṣe pé àwọn yòókù kò mọ orin kọ. Àwọn tí ń gbé iṣẹ́ fúnni ń gbé e fún ẹni tí wọ́n mọ̀, ẹni tí wọ́n mọ̀ sì ni ẹni tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tí olùkọ́ wọn dárúkọ. Àbájáde rẹ̀ kò tíì parẹ́. Àjọ Donne, tí ó wà ní London, ṣe ìṣirò orin tí ọ́kẹ́sírà 111 ní orílẹ̀-èdè 31 fẹ́ lù láàárín ọdún 2021 sí 2022. Nínú ọgọ́rùn-ún orin, èyí tí obìnrin kọ kò pé mẹ́jọ: 7.7 péré ni. Ti àwọn tí wọ́n jókòó láti lù ú náà kò yàtọ̀ púpọ̀, nítorí ìwádìí tí àjọ àwọn ọ́kẹ́sírà ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde fi hàn pé ní ọdún 2014, nínú ọgọ́rùn-ún olórin ọ́kẹ́sírà níbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú kò pé méjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwọn ọ̀dọ́ nìyí. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta fáólíìnì ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí ó sì dàgbà di ọmọ ọdún méjìdínlógún láìrí orúkọ kan ṣoṣo tí ó jọ tirẹ̀ lókè ìwé orin, yóò ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé àlejò ni òun nídìí iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kà á. Ẹgbẹ́ àgbà lè sọ pé àwọn tí ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kò fẹ́ orin tuntun. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kò ní àwáwí yẹn, nítorí àwọn òbí yóò wá gbọ́ orin tí ọmọ wọn bá lù, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó kọ ọ́.

New York Youth Symphony ti tètè rí èyí. Láti ọdún 1984 ni wọ́n ti ní ètò tí wọ́n ń pè ní First Music, tí wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ fún àwọn aṣẹ̀dá orin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Ẹni tí wọ́n bá yàn kò ní kó ìwé rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Wọn yóò lù ú ní gbọ̀ngàn ńlá, òun náà yóò sì wà níbẹ̀. Ní ti Jessie Montgomery, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà yọ. Ní ọdún 1997 ni Aaron Dworkin dá àjọ Sphinx sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Michigan fún àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Látìn tí wọ́n ń lo ohun èlò olókùn. Montgomery fi fáólíìnì rẹ̀ wọlé síbẹ̀ nígbà tí ó ṣì kéré. Àjọ yìí kan náà ni ó gbé iṣẹ́ Starburst fún un lọ́dún 2012. Orin náà kò gùn ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ohun èlò olókùn nìkan ni wọ́n fi ń lù ú, ó sì yára bí iná ọyẹ́. Lónìí, ekukáká ni ènìyàn yóò fi rí ọ́kẹ́sírà ọ̀dọ́ kan ní Amẹ́ríkà tí kò tíì gbé e jáde rí. Ní ọdún 2014 ni ó tún kọ Banner, nígbà tí orin ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà pé igba ọdún; ó lọ́ orin ìjọba náà mọ́ àwọn orin mìíràn títí tí olùgbọ́ yóò fi máa béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé orin ta gan-an ni.

Ẹnìkan wà tí ó yẹ kí Yorùbá mọ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Tania León ni orúkọ rẹ̀, ìlú Havana ní Cuba ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1943. Òun ni ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ti orin ní ọdún 2021 fún Stride, iṣẹ́ tí New York Philharmonic gbé fún un. Kí ó tó di ìgbà náà, ó ti sọ eré orí rédíò Wọlé Ṣóyínká, A Scourge of Hyacinths, di opera ní ọdún 1994. Nínú rẹ̀, ìyá kan ń ké pe Yemọja nítorí ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní àtìmọ́lé, ọmọ Cuba tí ó kọ ọ́ kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ orúkọ òrìṣà náà fún òun. Obìnrin yìí kan náà ni àjọ American Composers Forum, tí ó wà ní Minnesota, lọ bá fún ètò wọn tí wọ́n pè ní BandQuest, èyí tí wọ́n fi ń wá orin tuntun fún ẹgbẹ́ onífèrè àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Alegre ni ó kọ fún wọn. Wọ́n tún lọ bá Chen Yi, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, tí ó kọ Spring Festival, àti Jennifer Higdon, tí ó kọ Rhythm Stand. Ètò náà fẹ́ kí àwọn ọ̀gá tí wọ́n ń kọ orin fún ẹgbẹ́ ńlá wá kọ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún méjì sí mẹ́ta nídìí fèrè.

Ohun tí ó ń ya ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá wọ̀nyí lẹ́nu ni bí iṣẹ́ náà ṣe le. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fáólíìnì kì í tíì mọ bí a ṣe ń sún ọwọ́ lọ sókè lórí okùn. Ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ wà náà ni yóò wà. Okùn mẹ́rin tí fáólíìnì ní, G, D, A àti E, ni ó ń sọ irú ohùn tí yóò dùn ún kọ́. Bí aṣẹ̀dá orin bá gbé orin rẹ̀ jìnnà sí wọn, gbogbo ẹgbẹ́ yóò máa ké bí ológbò. Fèrè oboe àti bassoon wọ́n, ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ni kò ní ẹni tí ń fọn wọ́n rárá. Nítorí náà, ohun pàtàkì tí oboe yóò sọ, aṣẹ̀dá orin tí ó gbọ́n yóò kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré sínú ìwé clarinet tàbí ti fáólíìnì pẹ̀lú, kí orin má baà ní ihò lọ́jọ́ tí ọmọ kan kò bá wá. Àwọn onílù, ní tiwọn, máa ń pọ̀. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún dúró láìṣe nǹkan kan, olùkọ́ ni yóò jìyà rẹ̀.

Síbẹ̀, orin tí ó rọrùn jù kì í pẹ́ sú àwọn ọmọ. Wọ́n mọ̀ nígbà tí wọ́n bá fojú ọmọdé wò wọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ fi máa ń fẹ́ kí aṣẹ̀dá orin wá sí ìdánrawò nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà ní àkọ́kọ̀, kí ó gbọ́ ọ, kí ó lọ tún un kọ. Ìgbà tí ó bá wá yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ yóò kọ́kọ́ rí i pé ẹni tí ń kọ orin lè jẹ́ alààyè, tí ó wọ bàtà, tí ó sì lè sọ pé, "Ẹ má dá a lóhùn báyìí, èmi ni mo ṣì í kọ." Kò sí bí wọ́n ṣe lè rí èyí lọ́dọ̀ Brahms.

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣeé fò. Owó aṣẹ̀dá orin wà, owó ẹni tí yóò da abala ohun èlò kọ̀ọ̀kan kọ wà, owó ìrìnàjò rẹ̀ wà. Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kì í sábà lè dá a gbé, nítorí náà ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ṣe máa ń dá owó jọ bí ẹni ń dá èésú: mẹ́wàá tàbí ogún nínú wọn yóò san ìwọ̀nba, olúkúlùkù yóò sì ní ẹ̀tọ́ láti lu orin náà ní àdúgbò tirẹ̀ ní sáà kan náà. Aṣẹ̀dá orin ni yóò ṣì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà yìí tún wo àìsàn kan tí ó ti pẹ́ nídìí orin tuntun, èyíinì ni pé wọn yóò lù ú lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò ya fọ́tò, ó sì parí. Orin tí ogún ilé ẹ̀kọ́ bá jọ lù ní ọdún àkọ́kọ́ ti ní ogún olùkọ́ tí ó lè tún gbé e jáde.

Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣa ọmọ jọ láti gbogbo orílẹ̀-èdè kò ní ìṣòro okùn àti ìka. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí àwọn ń wá. National Youth Orchestra ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Ruth Railton dá sílẹ̀ lọ́dún 1948, gbé iṣẹ́ fún Anna Meredith nítorí ìdíje Òlíḿpíìkì tí ó wáyé ní London lọ́dún 2012. Ó kọ orin ìṣẹ́jú méjìlá, ó sì pè é ní HandsFree. Àwọn ọmọ náà kò fọwọ́ kan ohun èlò kankan nínú rẹ̀: wọ́n dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, wọ́n ń gbá àyà, wọ́n ń fi ẹnu ṣe ìlù, kò sì sí ìwé níwájú wọn. Fún ọmọ Yorùbá tí ó ti ṣeré òṣùpá rí, kò sí àjèjì níbẹ̀, àfi pé ọ́kẹ́sírà ni ó ń ṣe é.

Ní Amẹ́ríkà, gbọ̀ngàn Carnegie ni ó dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2013 fún àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 16 sí 19. Orin tí Tan Dun, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, kọ tí wọ́n lù lọ́dún 2015 ní kí àwọn olórin mú fóònù alágbèéká wọn jáde kí ohùn ẹyẹ máa ti inú rẹ̀ jáde. Ní ọdún 2017, Gabriela Lena Frank ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Ìyá rẹ̀ wá láti Peru, bàbá rẹ̀ jẹ́ Júù, wọ́n sì bí òun pẹ̀lú etí tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa. Apu ni ó pe orin náà, orúkọ tí àwọn ará òkè Andes ń pe ẹ̀mí tí ń gbé inú òkè. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe ń bọ Òkè-Bádàn yóò tètè lóye ohun tí ó ní lọ́kàn. Ọmọ tí ó wá láti Ohio tàbí Texas ní láti kọ́ ọ.

Ewu kan fara sin síhìn-ín tí àwọn tí ń gbé iṣẹ́ fúnni kì í fẹ́ gbọ́. Bí wọ́n bá ti rí aṣẹ̀dá orin aláwọ̀ dúdú, wọ́n á ní kí ó kọ nǹkan tí ó ní ìlù Áfíríkà. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Ṣáínà, kí ó mú ohùn ilé baba rẹ̀ wá. Ẹnikẹ́ni kò sì ní kí ọmọ Jámánì tí ń kọ orin mú ijó abúlé rẹ̀ wá kí wọ́n tó fún un níṣẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú un wá, kí ó mú un wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ dandan, ilẹ̀kùn tí wọ́n ní àwọn ṣí ti di fèrèsé. Ohun mìíràn ni oṣù Kejì, tí wọ́n fi ń rántí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Gbogbo orin wọn a máa wá nínú oṣù kan yìí, oṣù mọ́kànlá yòókù a sì padà sọ́wọ́ àwọn tó ti ni ín tẹ́lẹ̀.

Ní London, Chi-chi Nwanoku, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò láti Nàìjíríà tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Ireland, dá ẹgbẹ́ Chineke! sílẹ̀ lọ́dún 2015 fún àwọn olórin aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀, láti ọmọ ọdún 11 sí 22, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan náà. Àgbà wà lórí ìtàgé tí ọmọdé lè wò, èyí sì ni ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń gbé iṣẹ́ tuntun fúnni, wọ́n sì ń wú ti àtijọ́ jáde. Lára ohun tí wọ́n wú jáde ni African Suite tí Fẹlá Ṣówándé kọ.

Ṣówándé, tí wọ́n bí lọ́dún 1905 tí ó sì kú sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1987, wà ní London nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọdún 1944 ni African Suite jáde, abala márùn-ún ni ó ní, ohun èlò olókùn ni wọ́n sì fi ń lù ú. Ó mú ohùn orin Ephraim Amu ti ilẹ̀ Ghana wọ inú abala àkọ́kọ́, ó sì fi Akinla, orin tí àwọn ènìyàn ti ń jó sí tẹ́lẹ̀, kádìí rẹ̀. Nítorí pé kò béèrè fèrè tàbí ìlù tí ó ṣòro rí, ọ́kẹ́sírà ilé ẹ̀kọ́ tí ó dántọ́ lè gbé e. Kò sí ẹni tí ó gbé iṣẹ́ náà fún un nítorí ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ ó ti ṣe ohun tí àwọn tí ń gbé iṣẹ́ fúnni lónìí ń fi owó wá kiri.

Ọ̀dọ̀ Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips ni Ṣówándé ti kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́, nígbà tí ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Cathedral Church of Christ ní Marina, l'Ékòó. Phillips ni ó tẹ dùùrù níbẹ̀ láti ọdún 1914 sí 1962, òun náà ni ó sì kọ ìwé Yoruba Music tí ó jáde lọ́dún 1953. Ìṣòro tí ó bá jà ni ti àwọn orin mímọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn òyìnbó: ohùn ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ sílẹ̀, ọkọ̀ ń di ọkọ́, ìtumọ̀ sì ń dàrú. Ènìyàn lè rò pé èyí kò kan ọ́kẹ́sírà, nítorí fáólíìnì kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n etí tí ó ti gbọ́ dùndún láti kékeré kì í gbọ́ ohùn mẹ́ta, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kí ó má wá ọ̀rọ̀ sí i. Aṣẹ̀dá orin tí ó bá ń kọ fún àwọn ọmọ Yorùbá ní láti mọ ohun tí fáólíìnì rẹ̀ ń sọ kí àwọn ọmọ náà tó sọ ọ́ di àwàdà.

Ní Bahia, ní Brazil, níbi tí ìlù ìjẹ̀ṣà ti di ohùn ìgboro, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Ricardo Castro, tí ń tẹ píánò, dá Neojiba sílẹ̀ lọ́dún 2007 ní Salvador, ó sì ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà sínú ọ́kẹ́sírà. Ní ọdún kan ṣáájú rẹ̀, Letieres Leite ti dá Orkestra Rumpilezz sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara ìlù mẹ́ta tí wọ́n fi ń bọ òrìṣà níbẹ̀: rum, rumpi àti lé. Leite, tí ó kú lọ́dún 2021, kó àwọn onílù sí iwájú, ó wọ aṣọ ìnáwó fún wọn, ó sì wọ ṣòkòtò péńpé fún àwọn tí ń fọn fèrè. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, nítorí pé ní gbogbo ibi tí ó ti rí wọn tẹ́lẹ̀, onílù ni ó máa ń wọ péńpé. Nínú ètò tí ó dá fún àwọn ọ̀dọ́, Rumpilezzinho, ẹnu àti àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ìlù kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ MUSON ní Oníkan, l'Ékòó, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní fáólíìnì, fèrè àti píánò, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó ní ohun èlò olókùn tí ó pé kò pọ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ni ó wà níbi gbogbo, fèrè onídẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ológun ọmọdé, ìlù sì wà nílé. Ẹni tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ fún níbí yóò kọ́kọ́ ka ohun tí ó wà nílẹ̀ kí ó tó fi gègé kan ìwé. Lẹ́yìn náà ni yóò bá ìbéèrè kan pàdé tí Holst kò bá pàdé: ọmọ tí ó mọ dùndún lù jù lọ ní kíláàsì kì í sábà ka ìwé orin, ohun tí ó sì ń lù, ọ̀rọ̀ ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sórí ìlà márùn-ún, ohùn àárín méjì tí ó fi ìka fún ọsán láti mú jáde yóò bọ́ sọnù. Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, ọmọ onílù yóò lù ú lójú ẹsẹ̀, adarí orin ni yóò wá kù tí yóò kọ́ bí wọ́n ti ń kà á.